Ewé Òkè Ìkùukùu àti Èémí Àyọ̀ká

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, kí ẹni tó ń jẹ iṣu jẹ ẹ́ tán, nítorí n kò ní í gbé ohùn sókè nínú ìtàn yìí, n kò sì ní í tún un sọ fún ẹni tí etí rẹ̀ bá sá lọ. Èmi ni Ọdẹ́dínà, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ìlú Ìpolé-Odò. Bí wọ́n bá ń dárúkọ ọdẹ ní gbogbo agbègbè wa tí wọn kò tíì kàn mí, ẹ mọ̀ pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹfọ̀n tó lé àwọn ará abà kúrò lóko wọn, èmi ni mo dá a dúró, tí mo sì dá a dùbúlẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tó ń wọ inú ìlú wá kó ewúrẹ́ jẹ, awọ rẹ̀ ni bàbá àgbà tó wà níwájú yẹn jókòó lé. Nígbà kan rí, bí mo bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, orí mi a wú, n ó sì máa fi ọwọ́ lu àyà. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, n ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ìyàwó mi, Àyọ̀ká, ní ikọ́ fée láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ikọ́ fée kì í ṣe ikọ́ tí èèyàn ń wú tí yóò tu itọ́ rẹ̀ dànù tí yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ńṣe ni ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó sínú àyà èèyàn, tó ń fi okùn fún ọ̀nà èémí pọ̀ láti inú wá. Àyà a máa súfèé, èjìká a máa lọ sókè a máa bọ̀ sílẹ̀, ètè a dúdú bíi ti ẹni tó lá aró. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Ọdẹ́wùmí, jogún rẹ̀ lára ìyá rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, ikọ́ náà pa á. Bó ti rí nìyẹn.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò sunkún. Ẹ má rò pé mo ń fi ara dà á ni o. Mo wá ẹkún náà káàkiri inú mi, n kò rí i. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo wá ẹ̀rín, kò sí níbẹ̀ náà. Mo ń jí, mo ń lọ sí igbó, mo ń bọ̀. Bí ẹran bá ṣubú níwájú ìbọn mi, n ó gbé e lé èjìká bí ẹni gbé igi ìdáná. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ wo Ọdẹ́dínà, ọkùnrin gidi ni, kò jẹ́ kí ọ̀fọ̀ borí òun." Mo ń gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò.

Nígbà tí òjò wá dé, àgbàrá gbé afárá ojú ọ̀nà lọ, ọkọ̀ tó ń kó oògùn wá sí ilé ìwòsàn kékeré wa kò lè kọjá mọ́. Hóró oògùn tí Àyọ̀ká ń lò tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ náà ń gbé e lemọ́lemọ́. Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa níbẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́wùmí, n kò ní oògùn kankan tí mo lè fún yín, n kò sì fẹ́ tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun kan. Ohun tó wà nínú hóró oògùn yẹn, irú rẹ̀ wà nínú ewé tíì."

Mo ní, "Tíì tí à ń fi búrẹ́dì mu yìí?"

"Òun náà, sà. Inú ewé rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe oògùn ti kọ́kọ́ rí i. Ó máa ń dẹ ẹran ara tó bá fún ọ̀nà èémí pọ̀. Àmọ́ èyí tó wà nínú ife tíì kéré jọjọ, kò tó ti oògùn rárá. Ẹ máa fún un ní èyí tó ki, tó gbóná. Kì í ṣe ìwòsàn o. Mo kàn ń wá ohun tí a ó dì mú títí ọkọ̀ yóò fi dé ni."

Tíì tí mo rí rà ní ọjà wa ti hu nínú agolo. Ó ran Àyọ̀ká lọ́wọ́ díẹ̀, bí ẹni fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ògiri tó ń wó. Nígbà náà ni mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ, pé lẹ́yìn Igbó Àìfọhùn, òkè kan wà tí ìkùukùu kì í kúrò lórí rẹ̀, tí òtútù ibẹ̀ kì í sì í tán. Pé láyé àwọn bàbá wọn, òyìnbó kan gbin oko tíì síbẹ̀, ohun kan lé e, ó sá lọ, igbó sì gba oko náà. Ọdẹ púpọ̀ ti lọ wò ó. Kò sí ẹni tó bọ̀ wá ròyìn.

Mo kó ìbọn mi, mo kó ẹ̀tù, mo fi Àyọ̀ká sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àyọ̀ká jókòó lórí ẹní, ó tẹ síwájú, ó fi ọwọ́ ti orúnkún. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́wùmí, ṣé ẹ̀rù pé mo fẹ́ kú ló ń bà yín?" Mo wá ẹ̀rù náà kí n lè fi dá a lóhùn, n kò rí i. Mo ní, "Mo ń lọ já ewé." Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re." Mo sì lọ.

N kò ní í fi bí mo ti sùn àti ohun tí mo jẹ lójú ọ̀nà da etí yín láàmú. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni ti Igbó Àìfọhùn. Ẹyẹ wà nínú igbó náà, wọn kò ké. Ọ̀bọ wà lórí igi, wọ́n di ẹnu ọmọ wọn mú. Mo rí egungun àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi lẹ́bàá ọ̀nà, ìbọn wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀tù kò jó nínú rẹ̀. Mo dúró, mo kí wọn, mo kọjá. Bí mo ti ń kọjá ni iwin náà bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ̀yin èèyàn, kò ní ojú, kò sì ní imú, etí ni gbogbo ara rẹ̀! Etí hù lórí etí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí olú ti ń hù lára igi tó ti rà, gbogbo wọn sì ń mì, wọ́n ń yí síhìn-ín, wọ́n ń yí sọ́hùn-ún. Elétí-Kárí ni orúkọ rẹ̀. Ìró àyà tó bá ń já ni ó fi ń ṣọdẹ. Ibi tí àyà bá ti ń lù kì-kì-kì ni yóò lọ, ọkàn náà ni yóò sì yọ jẹ.

Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀? Mo gbọ́ ẹsẹ̀, n kò gbọ́ àyà."

Mo ní, "Ọdẹ́dínà ni."

Ó súnmọ́ mi, ó gbé etí ńlá kan lé mi láyà bí dókítà. Ara rẹ̀ tutù bí ikùn àkèré. Ó ní, "Àyà yìí ń lù bí àyà ìjàpá tó ń sùn. Kí ló pa ọ́?"

"N kò kú."

"Ẹni tó bá rí mi tí kò bẹ̀rù, òkú ni, tàbí wèrè."

Mo ní, "Mú èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì, kí o jẹ́ kí n kọjá."

Ẹ̀yin tó ń pàtẹ́wọ́, ẹ sinmi. Ẹ má pe èyí ní ìgboyà. Ẹni tó ní ìgboyà, ẹ̀rù ń bà á, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi kò ní ohun tí mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé tó ti jó tán kì í bẹ̀rù iná. Elétí-Kárí yí mi ká, inú ń bí i, nítorí kì í jẹ ọkàn tí kò bá já. Ó ní bí igi gbígbẹ ló ń rí lẹ́nu òun. Ó wá dúró, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi pé ó ń gbọ́ ohun kan nínú mi tí èmi fúnra mi kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ohùn Ọdẹ́wùmí ni. Ó ní, "Bàbá mi, ó ti dé."

Àyà mi já. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo etí ara rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó rẹ́rìn-ín, èékánná rẹ̀ sì ti kan ẹ̀wù mi. N kò dojú ìbọn kọ ọ́, kò sí àyè fún ìyẹn. Mo gbé ẹnu ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, mo yìn ín sójú ọ̀run. Gbàù! Ẹni tó jẹ́ kìkì etí, ẹ ro bí ìró ìbọn ti máa rí fún un. Ó ké, ó ń fi ọwọ́ bo etí yìí, òmíràn ń gbọ́. Ó ń bo òmíràn, igba etí tún kù síta. Ó yí gbirigbiri wọ inú ẹ̀gún lọ. Gbogbo ọ̀bọ igbó náà hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ẹyẹ ké. Èmi sáré. Àárín eré yẹn ni mo ti rí i pé ọkàn mi ti padà sí bó ti wà, ó ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Odò ló tẹ̀lé e. Odò náà fẹ̀, ó dúdú, a kò sì mọ apá ibi tó ń ṣàn sí. Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi létí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kan, orí rẹ̀ méjì. Orí ọ̀tún ń rẹ́rìn-ín láìdákẹ́, orí òsì ń sunkún láìsinmi. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn wí bí orogún.

Orí ẹlẹ́rìn-ín ní, "Káàbọ̀, ọdẹ! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín fún mi, mo gbé e kọjá."

Orí ẹlẹ́kún ní, "Má dá a lóhùn. Ẹkún ni kó sun fún mi. Ọ̀kan nínú méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í kọjá, àwọn ọ̀nì yóò sì bá a sọ̀rọ̀."

Mo wo ẹ̀yìn, àwọn ọ̀nì ti jáde sórí iyanrìn, wọ́n dí ọ̀nà tí mo gbà wá. Ẹ̀yin ará, ohun tó gbà mí lọ́wọ́ Elétí-Kárí fẹ́ pa mí síbí. Mo fa ẹnu síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀rín kọ̀. Mo fún ojú pọ̀, omi kò wá. Orí ẹlẹ́rìn-ín wo ìfajúro mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "N kò ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sunkún lé lórí wà lọ́wọ́ mi, ẹkún rẹ̀ ni kò sí. Ṣé ẹ óò gba ìyẹn?"

Orí ẹlẹ́kún ní, "Sọ ọ́ ná."

Mo sọ ọ́ bó ti rí, bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní: Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ń ta òkòtó ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wọlé, ó ní, "Bàbá mi, ó ti dé." Bó ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn bí ikọ́ náà bá fẹ́ gbé e, bí ẹni ń kéde àlejò. Mo gbé e sáàárín orúnkún mi, mo ní kó tẹ síwájú. Ìyá rẹ̀ gbé omi gbígbóná wá. Èémí ń wọlé, kò jáde. Ó ń kún inú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n ń kó sí yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò kó nǹkan jáde níbẹ̀. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Nígbà tó yá, àyà náà kò súfèé mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti rọlẹ̀ ni. Mo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń sọ pé, "Ó ti tán, ó ti tán." Mo sọ ọ́ títí. Ìyá rẹ̀ ló dì mí lọ́wọ́ mú, tó sọ fún mi.

Orí ẹlẹ́kún dá ẹkún dúró. Ó ní, "Èyí ju ti èmi lọ." Orí ẹlẹ́rìn-ín ni omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ti ń nù ún, nítorí kò sunkún rí láyé rẹ̀, èkejì rẹ̀ ló fi etí gèlè nù ún fún un. Obìnrin náà ti ọkọ̀, ó gbé mi kọjá.

Òkè Ìkùukùu tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Mo gùn ún títí mo fi bọ́ sínú oko òyìnbó ìjọ́sí. Igbó ti gbà á lóòótọ́, ìtàkùn ti gùn ún, ṣùgbọ́n àwọn igi tíì náà ṣì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ wọn gbàgbé síta. Wọ́n ga ju ènìyàn lọ, ewé ọ̀dọ́ orí wọn ń dán. Mo na ọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ: fée... fée... fée... Mo rò pé Àyọ̀ká ló ń mí lẹ́yìn mi.

Ẹbọra kan ló jókòó sáàárín àwọn igi náà, ó tóbi bí àká. Ewéko tútù tó ń hù lára òkúta ni irùngbọ̀n rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta bí apẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti ń mí ni gbogbo ihò inú apẹ̀rẹ̀ náà ń fọn bíi fèrè. Onífèrè-Àyà nìyẹn. Ìkòkò wà lórí ààrò níwájú rẹ̀, ó ń bu omi ewé náà mu bí ẹni ń mu ẹ̀kọ.

Ó ní, "Ṣé ẹran lo wá pa lórí òkè mi?"

"Ewé ni mo wá já."

"Fún ta?"

"Ìyàwó mi."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ohun tó ń ṣe ọ́ náà."

Ó wò mí, ó mí súfèé. Ó ní, "Wò ó, àwọn kan ti parọ́ ìyàwó, àwọn kan ti parọ́ ìyá, kí wọ́n lè kó ewé mi lọ. N ó bi ọ́ léèrè kan. Bí o bá ṣì í, n ó jù ọ́ sí àfonífojì. Àlejò kan ń bẹ: bó bá wọlé tí kò jáde, ilé wó, bó bá jáde tí kò wọlé, ilé wó. Nínú ilé tèmi àti ilé ìyàwó rẹ, kíkí i káàbọ̀ àti sísìn ín sọ́nà, èwo ló le jù?"

Mo bojú wo àfonífojì, mo rí egungun tó funfun nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ikọ́ fée yóò rò pé èémí ni aláìsàn náà kò rí fà wọlé. Mo ní, "Èémí ni àlejò náà. Sísìn ín sọ́nà ló le jù."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbé ọmọ mi tó ní i mọ́ àyà rí."

Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. N kò ní í jù ọ́ nù. Ṣùgbọ́n n kò ní í fún ọ ní ewé, nítorí ewé ọ̀dọ́ kò pọ̀ mọ́ lórí igi, òun ni mo sì fi ń rí ọjọ́ mìíràn. Máa lọ."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí ìkùukùu fi wó lulẹ̀ bí aṣọ tútù, òjò wínníwínní bọ̀, iná ààrò kú. Òtútù náà wọ inú apẹ̀rẹ̀ àyà rẹ̀, ikọ́ gbé e. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò, ìkòkò dojú dé. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbọ̀n ewé tó ti já kalẹ̀ wà nítòsí mi, ó kún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo gbé agbọ̀n náà, mo yí ẹ̀yìn padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. N kò bínú sí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣàánú rẹ̀. Mo ń gbọ́ fèrè àyà rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Mo dúró. Ìdákẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ irú rẹ̀, mo ní ó ti tán, mo ń fi ọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn. N kò pinnu ohunkóhun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kàn rí i pé mo ti padà sókè. Mo gbé ẹbọra náà jókòó, mo fi ẹ̀yìn mi tì í títí ó fi tẹ síwájú lé orúnkún rẹ̀. Mo da ẹ̀tù ìbọn mi sórí igi tútù, mo ṣáná sí i, ó gbiná. Mo bu omi, mo ju ẹ̀kúnwọ́ ewé sí i, mo jẹ́ kó hó títí ó fi pọ́n bí omi èèpo igi. Mo ń fi ṣíbí igi bù ú sí i lẹ́nu ní díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é, èmi ń wo ọwọ́ mi. Ó pẹ́, ó pẹ́, kí n tó gbọ́ ohun kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Fée. Ó tún dákẹ́. Fée... fée. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "O ti lọ. Kí ló dá ọ padà?"

"Ó dákẹ́."

"Ṣé àánú mi ṣe ọ́ ni?"

"N kò mọ̀."

Ó mi orí. Ó pín ewé agbọ̀n náà sí méjì, ó ti apá kan sọ́dọ̀ mi, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa sá a lábẹ́ òrùlé tí kò fi ní í hu. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ. Má pè é ní ìwòsàn. Èmi tí mo ti ń mu ún láti ìgbà tí òyìnbó ti sá lọ, ṣé o rí mi bí ẹni tí ara rẹ̀ yá? Ó ń dẹ ilẹ̀kùn díẹ̀ ni. Bí o bá parọ́ fún aláìsàn, tó gbà ọ́ gbọ́ tó sì ju oògùn rẹ̀ nù, ìwọ lo pa á." Mo ṣèlérí. A kò dágbére. Mo sọ̀ kalẹ̀, obìnrin olórí méjì gbé mi padà láìbi mí ní nǹkan kan, igbó Elétí-Kárí sì kún fún igbe ẹyẹ.

Ní ọ̀sán tí mo dé ilé, Àyọ̀ká wà lábẹ́ igi odán, ó dojú kọ odó, ó gbé apá méjèèjì lé e, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ sílẹ̀. Ìkòkò àgbo tí àwọn èèyàn gbé wá wà láyìíká rẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Mo se ewé náà, mo gbé ife wá.

Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ẹyọ ẹyọ. "Gbogbo wọn ló ní tàwọn yóò wò mí sàn. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà. Ṣé tiyín náà yóò wò mí sàn?"

Mo ní, "Kò ní í wò ọ́ sàn."

Ó gbé orí sókè. "Kí ni yóò wá ṣe?"

"Ó lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó sì lè má dẹ̀ ẹ́. Bó bá dẹ̀ ẹ́, a ó fi máa ṣọ́ ọ̀nà títí ọkọ̀ oògùn yóò fi dé."

Ó wò mí bíi pé ó ti pẹ́ tó ti rí mi kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ gbé e wá."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó kù, kí n lè padà sí abẹ́ igi yẹn. Ewé náà gbé wa dé ìgbà tí wọ́n fi pákó tún afárá ṣe. Ọkọ̀ dé, Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ sáré gbé hóró oògùn wá sílé wa, ó sì kìlọ̀ fún Àyọ̀ká pé kò gbọdọ̀ fi tíì rọ́pò rẹ̀. Ikọ́ náà kò lọ. Ó ṣì máa ń gbé e bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọjọ́ kan sì le. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń ta gààrí, ó ń bá mi jà lórí ẹrẹ̀ tí mo máa ń kó wọlé.

Mo padà sí abẹ́ igi náà. Ó mu ún ní díẹ̀díẹ̀, mo dì í lẹ́yìn mú. Oòrùn yí kúrò lórí odó, ó bọ́ sí ara ògiri. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ jáde, ó gùn, ó lọ títí, bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀ létí ọ̀nà. Mo gbé etí sí i lẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ìdákẹ́ burúkú yẹn ni. Kì í ṣe òun. Òmíràn wọlé, ó tún jáde. Àyọ̀ká ní, "Ọdẹ́wùmí kì í mu tíì tí n kò bá bu ṣúgà kún un." Láti ìgbà ọyẹ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà nínú ilé wa bí orúkọ ọmọ ẹni, a kàn ń fi pe ara wa ni.

Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ife ló máa ń fi ìka lá."

Ó ní, "Yóò tún ní kí n fi omi díẹ̀ ṣan án fún òun."

Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nínú rẹ̀. Ó korò. Ẹ̀yin ará, ó korò débi pé ojú mi kún fún omi, ó ń dà sí irùngbọ̀n mi, mo sì ń mu ún lọ.

Àyọ̀ká fi ọwọ́ kàn mí lápá. Ó ní, "Ṣúgà wà nínú ilé, Bàbá Ọdẹ́wùmí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bù ú wá." Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì lọ bù ú.

Ibẹ̀ ni mo gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé, kó máa lọ.